Kárafáànì Wa ní Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Ẹ̀fọ̀n

Fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, iṣẹ́ mi ni pé kí n fa kárafáànì àwọn ẹnjiníà láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, kí n sì gbé e kalẹ̀ kó tẹ́jú. Tírélà ni mo ń wà fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀nà. Bí iṣẹ́ bá ti parí ní Ìjerò, a ó palẹ̀ mọ́, a ó kọrí sí Arámọkọ, èmi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ dé, torí pé ẹnjiníà kì í sun ìta. Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ pé iṣẹ́ ni. Wọ́n á ní kí ló wà nínú kéèyàn gbé ilé onítáyà sílẹ̀ kó sì lọ jẹun. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ sun inú èyí tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ fúnra wọn, kí wọ́n wá ròyìn fún mi láàárọ̀.

Ilẹ̀ Èkìtì apá ibí yìí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní títẹ́jú. Ẹ̀fọ̀n ló wá burú jù, níbi tí ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ máa ń sọ fún èrò pé kó sọ̀ kalẹ̀ kó fẹsẹ̀ gun òkè. Nítorí náà mo ní bí mo ṣe máa ń ṣe é, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi yí i padà. Ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ tò, ọ̀tún pẹ̀lú òsì, nígbà tí kárafáànì ṣì wà lára tírélà: màá to apákó síwájú táyà apá tó rẹlẹ̀, màá fà á gorí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá fi òkúta dí gbogbo táyà níwájú àti lẹ́yìn. Ìgbà tí mo bá dí i tán ni mo tó ń tú u kúrò lára tírélà, torí kárafáànì tí wọ́n bá tú láì dí táyà rẹ̀, ìsàlẹ̀ òkè ló ń lọ, kì í sì í dágbére. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá wá fi kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà níwájú gbé imú rẹ̀ sókè tàbí kí n sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tó wà ní igun ló ń gbẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ yẹn kì í gbé ẹrù o. Ó kàn ń di ilé mú kó má mì ni. Mo ti rí dẹ́rẹ́bà tó fi ẹsẹ̀ yẹn gbé odindi kárafáànì, tí irin abẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ bí síbí. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀ bí jáàkì bá wà lábẹ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹnjiníà tó gbà mí síṣẹ́.

Àwọn bíríkìlà máa ń fi igi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó. Èmi, abọ́ ni mo fi ń wò ó: abọ́ tánganran funfun kékeré kan tó ní ìlà búlúù yípo inú rẹ̀. Màá gbé e sí àárín ilẹ̀ kárafáànì, màá bu omi sí i títí omi á fi kan ìlà náà. Bí ilé bá tẹ́jú, omi á kan ìlà yípo. Bí kò bá tẹ́jú, omi á gun ìlà ní apá kan, á sì jìnnà sí i ní apá kejì. Abọ́ náà kì í purọ́. Ọmọ wa ló ni ín, òun ló fi ń jẹun nígbà tó wà láyé.

Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí ni, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ẹ̀fọ̀n, ibà mú un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó kú lọ́jọ́ kejì. Èmi wà ní sáìtì, ìyá rẹ̀ sì wà ní Ayétòrò níbi tó ti ń ṣe tíṣà. Ìgbà tí àwa méjèèjì fi máa dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbé e lọ sin. Ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń pe irú ikú bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Òbí kì í bá wọn débẹ̀, wọn kì í fi ibẹ̀ han òbí, òbí kì í sì í béèrè. Àwọn ọkùnrin ilé mẹ́ta ló gbé e lọ. Wọ́n ti fọ ọwọ́ wọn nígbà tí a dé, wọ́n ní kí a gba kámú.

Mo gba kámú. Mi ò sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò sunkún lọ́jọ́ kejì, títí ó fi di ohun tí mi ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Inú mi kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé. Ìyàwó mi kò lè máa rí abọ́ náà nínú ilé ìdáná, kò sì lè sọ ọ́ nù, mo bá gbé e lọ sí sáìtì. Bó ṣe di irinṣẹ́ mi nìyẹn. Láti ìgbà náà ni ìyàwó mi kò ti pè mí ní Bàbá Lágbájá mọ́. "Ẹ gbọ́ ná" ló máa ń sọ bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Èmi náà kò pè é ní Ìyá ẹnikẹ́ni. Ọdún méjìlélógún la fi wà bẹ́ẹ̀, à ń jẹun, à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, à ń kí ara wa kú iṣẹ́.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ parí ọ̀nà tó kẹ́yìn, wọ́n fún mi ní kárafáànì kan, wọ́n fi dágbére fún mi. Èyí tó tóbi jù ni, oní táyà mẹ́rin, yàrá méjì àti ilé ìdáná, èyí tí ẹnjiníà àgbà fúnra rẹ̀ ń gbé. Ó ní, ṣebí èmi ni mo ti ń tò ó fún òun láti ọjọ́ yìí, kí èmi náà lọ gbé inú rẹ̀ kí n wo bó ṣe rí.

Ó bọ́ sí àsìkò, torí pé òòyì ti ń kọ́ ìyàwó mi láti ìgbà ọyẹ́. Dókítà ní inú etí ló ti ń ṣe é. Bí ilẹ̀ bá fi díẹ̀ dagun lábẹ́ rẹ̀, á di ògiri mú, ojú rẹ̀ á funfun, á sì máa bì. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá wa wà ní Ìkòrò, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Dókítà wò mí lójú, ó ní ìgbà kẹta lè má ṣe é tún ṣe. Ohun tó nílò ni ilé ilẹ̀ tó tẹ́jú bí ojú tábìlì, tó lè rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀ láì di nǹkan mú. Mo sọ fún un pé bí ohun kan ṣoṣo bá wà tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé yìí, òun náà nìyẹn.

Ilẹ̀ bàbá mi wà ní ẹ̀yìn ìlú Ẹ̀fọ̀n, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan tí ọ̀nà ọkọ̀ gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Àbúrò rẹ̀ ló ń bójú tó ilẹ̀ náà, arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá. Òun ló mú mi lọ síbẹ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ na òkè, níbi tó kún fún òkúta, ó ní ibẹ̀ ni ti èmi. Mo wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo pòṣé nínú. Ìsàlẹ̀ ni ojú mi wà. Ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó tẹ́ gbọọrọ, tó gba kárafáànì gẹ́lẹ́, tí kò sì jìnnà sí ọ̀nà. Lórí irú òkè bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá rí ibi tó tẹ́, ó yẹ kó dúpẹ́ ni.

"Òkè ni mo ní kí o gbé e sí, Dẹ́rẹ́bà," Bàbá wí. Dẹ́rẹ́bà ló máa ń pè mí, bí ẹni pé òun ló gba láísẹ́ǹsì fún mi.

"Òkè dagun, Bàbá."

"Ulẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí kò dáa."

"Kí ló ṣe é?"

Ó wo ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ó wo ọ̀nà. "Kò dáa ni mo wí."

Inú mi kì í dùn bí ẹni tí kò wa ọkọ̀ rí bá ń kọ́ mi ní iṣẹ́ mi. Mo ní ẹ ṣeun, Bàbá. Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣiṣẹ́ gbé tírélà wá, a fa kárafáànì gba Arámọkọ wá, a sì gbé e sí ìsàlẹ̀.

Mo tò ó bí mo ṣe máa ń tò ó. Apá òsì fi ìka méjì rẹlẹ̀, mo to apákó kan ṣoṣo sábẹ́ táyà rẹ̀, ó gùn ún láì janpata. Nígbà tí mò ń ro igun ẹ̀yìn apá òsì, mo rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ ní àwọ̀ méjì, pupa pọ̀ mọ́ dúdú, kò sì ní òkúta rárá, nígbà tí òkúta kún gbogbo àyíká. Ilẹ̀ tí ọkọ́ kò tíì kàn rí, àwọ̀ kan ló máa ń ní. Mo rò pé ebè iṣu àtijọ́ ni. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó le koko, ó ṣe tán ẹ̀ẹ̀rùn ni. Mo dí táyà, mo tú tírélà, mo gbé imú rẹ̀ sókè díẹ̀, mo sọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀. Mo gbé abọ́ sí àárín ilé, mo bu omi sí i. Omi kan ìlà yípo.

Bàbá ti gun òkè wá, ó jókòó sórí òkúta, ó ń wò wá. Ó ní ulé wo ni eléyìí, ulé tó ń rìn, ṣé bí mo bá bá aládùúgbò jà ni màá gbé e sá lọ? Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Igun ẹ̀yìn apá òsì ló ń wò. Kó tó lọ, ó tún ní, "Bó bá ṣe é ṣe, gbé e sókè."

Ìyàwó mi wọlé. Ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ibùsùn, ó yí padà, ó rìn wá, kò di nǹkan kan mú. "Ẹ gbọ́ ná," ó ní, "kò kọ́ mi lóòyì." Ohun tí mo gbọ́ tó dùn mọ́ mi jù lọ́dún yẹn nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ìyàwó mi lórí ìdúró ní ilé ìdáná, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú, ó di ojú. Mo gbé abọ́ kalẹ̀. Omi ti gun ìlà ní apá òsì lẹ́yìn. Mo jáde, mo sì rí i pé táyà igun náà ti rì wọ ilẹ̀ tòun ti apákó rẹ̀. Mo mú ìyàwó mi jáde síta, mo fi jáàkì gbé igun náà, mo fi apákó kejì lé ti àkọ́kọ́, mo sì tún un ṣe. Òjò kejì rọ̀. Ó tún rì. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wá òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta, mo tẹ́ wọn sílẹ̀ kí n tó to apákó. Ìyàwó mi jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò mí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ó ti ṣubú. Orí ibùsùn ló ṣubú sí, a dúpẹ́. Mo rí ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù ilé náà ti ń bà á.

Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé jáàkì jáde ni Bàbá máa ń dé. Mi ò mọ ẹni tó máa ń sọ fún un. Á jókòó sórí òkúta rẹ̀, á ní kí n gbé e sókè. Màá bi í pé kí ló dé, á ní ulẹ̀ kò dáa. Wọ́n ní ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Èmi rò pé mo mọ ohun tó wà lábẹ́ ewé ti Bàbá. Ilẹ̀ tó wà létí ọ̀nà ni ilẹ̀ tí àwọn èèyàn ń wá rà. Mo lọ bá a nílé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ará ilé, mo sì sọ ọ́ síta.

"Bàbá, bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ta ìsàlẹ̀ ni, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu kan. Ẹ yéé fi ilẹ̀ pa mí láyò."

Ìyàwó rẹ̀ patẹ́wọ́, ó ní ha. Bàbá ń bó iṣu sísun lọ́wọ́, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo ń retí kó gbaná jẹ kí n lè gba tèmi náà, mo tilẹ̀ ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Ó ní, "Ó dáa." Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú mi lódindi, mi ò rí ibi sọ ọ́ sí. Bàbá kò wá sí òkè mọ́ lọ́sẹ̀ yẹn.

Nígbà tí igun náà rì lẹ́ẹ̀kẹta, mo pinnu pé màá gbẹ́ ibẹ̀, màá da kọnkéré sí i, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Mo ra sìmẹ́ńtì, mo ṣa òkúta jọ. Mo fi jáàkì gbé igun náà, mo to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ irin rẹ̀ kó má bàa wó lé mi, mo yọ apákó àti òkúta pẹlẹbẹ kúrò. Ìyàwó mi ti jáde. Mo rò pé ó lọ sí ilé aládùúgbò. Mo mú dígà, mo bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ náà rọ̀ bí ilẹ̀ oko. Mo ti gbẹ́ ẹ tó ìgbọ̀nwọ́ kan nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn mi.

Bàbá ni. Ó ti sáré gun òkè, arúgbó ọgọ́rin ọdún. Bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò mú ọ̀pá lọ́wọ́. Kò sọ pé kí n dúró. Ó kọjá lára mi, ó sì jókòó sínú kòtò tí mò ń gbẹ́.

"Bàbá, ẹ dìde. Jáàkì wà níbẹ̀."

"Sọ dígà yẹn kalẹ̀."

"Ẹ dìde ná."

"Èmi ni mo gbé e wá síbí," ó ní. "Ọwọ́ mi yìí ni."

Mo bi í pé kí ló gbé wá. Ẹnu mi ló bi í. Èmi fúnra mi ti mọ̀.

"Ọmọ yín," ó ní. "A kì í sọ fún òbí. Àwọn méjì tá a jọ gbẹ́ ibí ti kú, ó wá ku èmi nìkan tó mọ̀ ọ́n. Mo ní gbé e sókè, mo ní gbé e sókè. Báwo lo ṣe fẹ́ kí n wí?"

Ó ń sunkún. Mo dúró, mò ń wò ó. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé jáàkì kì í ṣe ohun téèyàn ń gbàgbé sábẹ́ ẹrù, àti pé búlọ́ọ̀kù apá iwájú ti yẹ̀ díẹ̀. Mo lọ tì í padà. Mo fẹ́ kí nǹkan kan dùn mí, mo dúró dè é, kò wá. Ohun tó dẹ́rù bà mí lọ́jọ́ náà nìyẹn, ju kòtò lọ.

Mo di Bàbá lápá mú, mo fà á dìde. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ kó ilẹ̀ náà padà, mi ò lo ṣọ́bìrì. Èmi tí mo ti fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ pé ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ rí kò ṣe é gbé ẹrù lé, mo rí àwọ̀ méjì, mo pè é ní ebè iṣu. Torí pé ibẹ̀ tẹ́ ni àwọn náà fi gbé ọmọ wa síbẹ̀. Kò sí ibòmíràn lórí òkè yẹn téèyàn ti lè tètè gbẹ́lẹ̀.

Mo bẹ Bàbá nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i lójú gbogbo ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. Ó ní kí n dìde, pé òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Ó wá ní kí n má sọ fún ìyá ọmọ. Mo ní mi ò ní sọ.

Sí ìyàwó mi, mo sọ pé ilẹ̀ náà rọ̀ jù, pé Bàbá jàre, à ń gbé e lọ sókè. Ó ní ó dáa. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn ń di àwọn àwo sínú páálí. Ilé Bàbá la sùn fún ọjọ́ méjì títí tírélà ọ̀rẹ́ mi fi dé.

Òkè kì í ṣe eré. Apá ìsàlẹ̀ fi ohun tó ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ rẹlẹ̀ sí apá òkè. Ẹni tó bá fi apákó nìkan kún irú àyè bẹ́ẹ̀ ń wá wàhálà ni, torí táyà máa ń yọ̀ kúrò lórí apákó gíga. Bí ilẹ̀ bá dagun tó yẹn, apá tó ga là ń gé, a kì í kún apá tó rẹlẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi gé apá òkè, mo fi dígà yọ òkúta ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí táyà apá ọ̀hún fi ní ojú ilẹ̀ tirẹ̀. Apákó méjì péré ló kù tí mo tò sí apá ìsàlẹ̀. Mo dí táyà, mo tún fi òkúta ńláńlá tì wọ́n lẹ́yìn. Mo tú tírélà. Mo sọ ẹsẹ̀ irin kalẹ̀ sórí òkúta tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ tẹ́. Abọ́ wọlé. Omi kan ìlà yípo, mo sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Òjò ńlá rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo gbé abọ́ kalẹ̀. Kò yẹ̀. Ìyàwó mi ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ibùsùn bí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé, ó ń gbé omi gbígbóná lọ́wọ́, kò dà á nù.

Iṣẹ́ tán. Mo ń wá ohun tí màá tún ṣe. Mo kun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà lọ́dà, mo fọ fèrèsé, mo gbé abọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀. Ohun gbogbo dọ́gba, èmi nìkan ni mi ò mọ ibi tí mo wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, mi ò bá ìyàwó mi lórí ibùsùn. Mo wo ìta. Ó wà ní ìsàlẹ̀, níbi tí kárafáànì wà tẹ́lẹ̀, ó ń gbá ilẹ̀. Ibi tó tẹ́ náà ló ń gbá, ó ń fi ọwọ́ ṣa ewé tí ìgbálẹ̀ fi sílẹ̀. Òòyì ń kọ́ ọ, ó ń dúró, ó ń di ojú, ó ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀, á tún máa gbá a lọ. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ kó má bàa ṣubú. Mo di apá rẹ̀ mú.

"Ta ló ní kí o wá gbá ibí?"

A jọ gòkè díẹ̀díẹ̀, a jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà tí mo kùn. Láti ibẹ̀, ìsàlẹ̀ là ń wò, àti ọ̀nà, àti ọlọ́kadà kan tó gbé àpò gààrí sẹ́yìn. Ìyàwó mi fi ìgbálẹ̀ lé orí itan rẹ̀.

"Mo wà lẹ́yìn kárafáànì lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Mò ń ṣa ẹ̀fọ́. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí Bàbá wí."

Mo ní kò yẹ kó gbọ́.

"Mo ti gbọ́." Lẹ́yìn náà ó pè mí. Ó pè mí ní Bàbá, ó fi orúkọ ọmọ wa tì í, bó ṣe ń pè mí nígbà tí a ṣì jẹ́ mẹ́ta. Mi ò gbọ́ orúkọ náà láti ọdún méjìlélógún. Kò fi ohùn ẹkún pè é. Ó pè é bí ẹni tó ń béèrè iyọ̀.

"Apá ibo ni orí rẹ̀ wà?" ó ní.

Mo ní mi ò mọ̀.

"Ẹ lọ bi Bàbá."

Mo wọ bàtà. Ìsàlẹ̀ òkè kò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró di igi mú. Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń fọ ẹnu. Mo bi í bí ìyàwó mi ṣe bi mí. Ó gbé ife omi sílẹ̀, ó wò mí, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ. Mo rò pé yóò bínú.

"Òkè ni mo kọ orí rẹ̀ sí," ó ní, "kí ojú rẹ̀ lè máa wo ọ̀nà. Ẹ̀yin méjèèjì kò tíì dé nígbà yẹn."

Mo dúró sí àgbàlá rẹ̀, omi bọ́ lójú mi, kò sì dá. Bàbá wọlé lọ mú àga wá fún mi. Mi ò lè jókòó. Mo nu ojú mi, mo gun òkè padà lọ sọ fún ìyá rẹ̀.